Ẹ Bi Wá: Ẹ̀jẹ̀, Ẹrú àti Agẹmọ Nínú Géèmù

Lẹ́tà tó wọlé lórí géèmù lóṣù yìí pọ̀ láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. A mú mẹ́fà nínú wọn. A gé èyí tó gùn kúrú, ṣùgbọ́n a ò fi ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọkọ mi ra PS4 tòkunbọ̀ fún ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 11. Sídíì mẹ́ta ló bá a wá. Mo rí M lára páálí ọ̀kan, mo rí 18 nínú àpótí pupa lára èkejì, ẹ̀kẹta ò ní páálí rárá. Kí ni àmì wọ̀nyí ń sọ, báwo ni mo sì ṣe lè ti èyí tí kò yẹ mọ́ ọmọ? – Màmá Ayọ̀, Ṣágámù

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá Ayọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù yẹ fún ni àmì méjèèjì ti wá. ESRB ti Amẹ́ríkà ló ni M, PEGI ti Yúróòpù ló ni 18 inú àpótí pupa. Ibi tí wọ́n ti kó ọjà wá ló ń pinnu èyí tí ẹ máa bá lára páálí, ìdí rèé tí méjèèjì fi pàdé nínú ẹrù tòkunbọ̀ kan ṣoṣo.

Ní ti ESRB, E wà fún tọmọdé tàgbà, E10+ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, T fún ọdún 13 sókè, M fún ọdún 17 sókè, AO fún àgbàlagbà nìkan. Nọ́ńbà ni PEGI ń lò ní tirẹ̀: 3 àti 7 ní àwọ̀ ewé, 12 àti 16 ní àwọ̀ ọsàn, 18 ní pupa. Kò sí ọ̀kan nínú sídíì méjì yẹn tó wà fún ọmọ ọdún 11.

Ẹ má fi mọ sórí nọ́ńbà yẹn o. Ẹ yí páálí padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ESRB ń kọ ohun tó mú kí wọ́n fún géèmù ní M sí. Bí ẹ bá rí "Blood and Gore", ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀, ara sì ń já. "Strong Language" ni èébú rírùn, "Sexual Content" ni ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, "Use of Drugs" ni oògùn olóró. PEGI a máa fi àwòrán kékeré sọ tirẹ̀: ìkúùkù fún ìwà ipá, aláǹtakùn fún ohun tó ń dẹ́rù bani, abẹ́rẹ́ fún oògùn olóró, dáìsì lúdò fún tẹ́tẹ́. Géèmù méjì lè jọ gba M, kó jẹ́ pé ìbọn àti èébú ọmọ ogun ló fà á fún ọ̀kan, kó jẹ́ pé ìhòòhò ló fà á fún èkejì. Òbí tó ka nọ́ńbà nìkan ò ní mọ ìyàtọ̀.

Ní ti sídíì tí kò ní páálí, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, àmì kékeré sábà máa ń wà nísàlẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ tẹ orúkọ géèmù náà sórí esrb.org tàbí pegi.info. Fún géèmù tó jáde láti nǹkan bí ọdún 2008, ESRB a máa kọ àlàyé kúkúrú tó sọ ìran tó wà nínú rẹ̀ ní pàtó: ohun ìjà wo, èébú wo, ìhòòhò dé ibo. Ìṣẹ́jú méjì ò ní tán tí ẹ máa fi kà á.

Ó wá ku títì. Ẹ tan PS4, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Parental Controls/Family Management, kí ẹ mú PS4 System Restrictions. Yóò béèrè nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin. 0000 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n ju àgbà lọ, nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ yí i padà. Níbẹ̀ náà, ẹ lọ sí New User Creation and Guest Login, ẹ fi sí Not Allowed. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan ọjọ́ orí tí géèmù ò gbọdọ̀ kọjá ní Default Parental Controls.

Ibi mẹ́ta ni ó ti máa ń bàjẹ́. Ẹni tó fi 0000 sílẹ̀ ò tíì ti nǹkan kan. Ẹni tó gbàgbé Guest Login, ọmọ yóò wọlé bí àlejò, yóò sì gbá ohun tó wù ú. Ẹ̀kẹta ló wọ́pọ̀ jù: bàbá ti ti ọ̀nà ọmọ, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà ò ní nọ́ńbà àṣírí, ọmọ á kàn tẹ orúkọ bàbá. Ẹ fi nọ́ńbà sí orúkọ àgbà kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé nọ́ńbà yín ò ṣiṣẹ́ mọ́, tí 0000 tún ń ṣí i, ẹnì kan ti nu ẹ̀rọ náà kanlẹ̀. Ẹ tún un tì, kí ẹ sì pe ọmọ jókòó.

ÌBÉÈRÈ: Fóònù mi ni àwọn ọmọ-ọmọ mi fi ń gba géèmù sílẹ̀ nígbà ọlidé. Mo fẹ́ dí i. – Bàbá Àgbà, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjọ́ o, Bàbá. Bí fóònù Android bá ni, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Family, lẹ́yìn náà Parental controls. Ẹ tàn án, ẹ fún un ní nọ́ńbà mẹ́rin tí kì í ṣe ọdún ìbí yín, kí ẹ sì yan ọjọ́ orí lábẹ́ Apps & games. Ó tán.

Ohun méjì ni kò lè ṣe. Kò ní yọ géèmù tó ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ pa á rẹ́. Kò sì rí èyí tí ọ̀rẹ́ bá fi Xender tàbí Bluetooth gbé sí i, nítorí pé kò gba ẹnu ọ̀nà Play Store wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Ilé géèmù ni mo ní, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, PS4 mẹ́ta àti PS2 kan. Bí ilé ìwé bá ti jáde ni ọmọ ń kún ibẹ̀, àwọn àgbà ń wọlé lálẹ́. Àwọn òbí kan wá bá mi jà lórí GTA (Grand Theft Auto, géèmù àwọn ọ̀daràn). Mo fẹ́ yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú àwọn géèmù náà kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ṣé ó ṣeé ṣe? – Onílé Géèmù, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe nínú àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tí géèmù ìjà Mortal Kombat tó jáde ní 1992 dé orí ẹ̀rọ Nintendo, wọ́n yí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ padà, ó di òógùn aláwọ̀ eérú. Ti ẹ̀rọ Sega fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́, ẹni tó bá mọ bọ́tìnnì tí wọ́n máa ń tẹ̀ léra yóò rí i. Ẹ̀ṣẹ́ kan náà ni ọwọ́ ọmọ ń jù nínú méjèèjì. Ariwo lórí géèmù yìí àti irú rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní 1993, òun ló sì bí ESRB ní 1994.

Géèmù ogun Call of Duty: Black Ops (2010) a máa béèrè níbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ bóyá ẹ fẹ́ kí ó bo ìran tó burú. Ẹ gbà fún un, ẹ̀jẹ̀ àti ara jíjá yóò dín. Ẹni ọdún 16 lè jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Call of Duty: Modern Warfare 2 ti 2009. Orí kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń gbá a yóò ti bá àwọn apániláyà wọ pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n á máa yìnbọn sí àwọn arìnrìn-àjò tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Wọ́n fi ìkìlọ̀ síwájú, wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ fò ó láìpàdánù ohunkóhun. Bí ẹ bá tilẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ohun tí wọ́n ń ṣe ò yí padà.

GTA V tí àwọn òbí ń bá yín jà lé lórí (2013) le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n so ọkùnrin kan mọ́ àga níbẹ̀ láti fìyà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó di pádì mú ló sì máa yan irinṣẹ́ láàárín iná mànàmáná, omi, ẹ̀mú àti sípánà, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni ẹni tó fìyà jẹ ọkùnrin náà wá sọ pé ìfìyàjẹni kì í mú òótọ́ jáde. Àgbà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó sì ronú lé e. Ọmọ ọdún 12 tó ti ń dúró kí ó kan òun ò ní gbọ́ ọ, pádì ló ń wò. Àwọn òbí wọ̀nyẹn jàre.

Bí a ṣe máa to ilé géèmù bíi tiyín rèé. Ẹ kọjú tẹlifíṣọ̀n kan sí ògiri ẹ̀yìn, kí ẹni tó ń wọlé má lè rí ojú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Òun nìkan ni géèmù M tàbí 18 máa wà lórí rẹ̀, láti aago méje alẹ́ lọ. Ẹni tó wọ aṣọ ilé ìwé ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀, kódà bó bá ga ju yín lọ. Ẹ kọ orúkọ géèmù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ sára káádíbọ́ọ̀dù, kí ẹ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó, kí òbí tó bá wá lè fojú ara rẹ̀ kà á. Fún ọmọ ọdún 13 sókè tó fẹ́ ìjà, Street Fighter V wà; T ni ESRB fún un, 12 ni PEGI fún un. Sídíì PS2 ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àdàkọ ló pọ̀ níbẹ̀, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ sí i lára, kò sí àmì kankan. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ayélujára kí ẹ tó gbé e fún ọmọ.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú EA Sports FC, 3 ni PEGI ń fún un. Síbẹ̀ ẹ yí páálí rẹ̀ padà: PEGI kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ń ta ohun tí èèyàn ò mọ inú rẹ̀ kó tó sanwó. Àwọn páàkì agbábọ́ọ̀lù ni. Ní 2018, Bẹ́ljíọ̀mù ní tẹ́tẹ́ ni irú ọjà bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kìíní 2019 ilé iṣẹ́ EA ṣíwọ́ títa owó inú FIFA, orúkọ tí EA Sports FC ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, níbẹ̀. Ẹ má so káádì báǹkì mọ́ ẹ̀rọ tí ọmọ ń lò. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi owó oúnjẹ wọn dá owó lé ara wọn lórí bọ́ọ̀lù nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Tẹ́tẹ́ ojúkojú nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn òbí ń sọ fún wa nílé ìwé pé géèmù ló ń sọ ọmọ di jàgídíjàgan. Ṣé òótọ́ ni? – Olùkọ́, Ìkẹ́nnẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, APA, dáhùn ìbéèrè yìí ní 2020. Wọ́n ní ẹ̀rí ò tó láti di ìwà ọ̀daràn ru géèmù oníjà. Wọ́n tún ní ìbátan kékeré wà láàárín rẹ̀ àti ìbínú kéékèèké, irú bí kí ọmọ máa jágbe mọ́ ẹlòmíì tàbí kí ó máa tì í. Kí olùkọ́ di méjèèjì mú.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ yàtọ̀ sí ìjà. Àjọ ìlera àgbáyé fi àìsàn géèmù sínú ìwé àìsàn rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Àmì rẹ̀ rèé: ọmọ ò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, géèmù ti ṣáájú oúnjẹ, ìwé àti ọ̀rẹ́, ó ń rí ìpalára rẹ̀, kò sì jáwọ́, èyí sì sábà máa ń tó oṣù 12 ó kéré tán. Ọmọ tó fi ọlidé gbá géèmù ní àgbáyó ò tíì dé ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ orúkọ Yorùbá nínú géèmù kan, Adéwálé, ẹrú tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Orí mi wú, ẹ̀rù sì bà mí. Ṣé géèmù lè sọ ọ̀rọ̀ òwò ẹrú láìfi ṣeré? – Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, Àgọ́-Ìwòyè

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí dùn mọ́ wa jù lọ. Inú Assassin's Creed IV: Black Flag (2013) ni Adéwálé ti kọ́kọ́ yọ. Trinidad ni wọ́n bí i sí, nínú oko ẹrú. Lọ́dún kan náà ni wọ́n ṣe Freedom Cry fún òun nìkan. Ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí, nígbà tó wà lábẹ́ àwọn Faransé, ni ó ti ń jà níbẹ̀.

Ohun tí géèmù yẹn ṣe dáadáa ni pé ó jẹ́ kí ìkánjú ní owó tí ẹlòmíì máa san. Bí ẹ bá wọ oko láti tú àwọn ẹrú sílẹ̀, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì rí yín, àwọn ẹrú ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa. Lápá ìparí, ọkọ̀ ẹrú kan ń rì, Adéwálé sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti de àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, omi ń gùn, kò sì lè gba gbogbo wọn là. Bí ẹni tó ń gbá a ti mọṣẹ́ tó, wọn á kú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣe láìdáa ni ìṣirò. Iye ẹni tí ẹ bá tú sílẹ̀ wà lójú ẹ̀rọ bíi máàkì, bó bá sì ti tó iye kan, ẹ ó gba ohun ìjà tó dára jù. Nígbà tó bá yá, ẹni tó ń gbá a ò ní máa wo èèyàn mọ́, iye tó kù ni yóò máa kà. Lójú tiwa, iye owó là ń fi èèyàn ṣe nínú òwò ẹrú, kò sì yẹ kí ẹni tó ń tú wọn sílẹ̀ tún máa kà wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ní Dẹ́ńmáàkì ṣe èyí tó burú ju ìyẹn lọ. Géèmù ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọdé ni wọ́n pè é, Playing History 2: Slave Trade. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ kí ọmọ máa to ara àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù Tetris. Ìtàn ò parọ́, wọ́n há èèyàn mọ́ inú ọkọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n adùn wà nínú Tetris bí nǹkan bá ti wọ àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́, adùn yẹn gan-an ni wọ́n wá fún ọmọ lórí òkú àwọn baba ńlá wa. Aráyé pariwo, wọ́n yọ apá náà kúrò ní 2015.

Ẹ fi méjì wéra pẹ̀lú wọn. This War of Mine (2014), iṣẹ́ àwọn ará Póláǹdì, kò fi ọmọ ogun ṣe olórí ìtàn. Aráàlú ni ẹ jẹ́, wọ́n ká ìlú mọ́ yín, ebi ń pa yín. Ilé tọkọtaya arúgbó kan wà níbẹ̀ tí oúnjẹ àti oògùn kún inú rẹ̀, wọn ò sì lè bá yín jà. Ẹ lè kó o. Bí ẹ bá kó o, ẹni tí ẹ rán lọ yóò padà dé tìbànújẹ́tìbànújẹ́, ìbànújẹ́ náà yóò sì máa jẹ ẹ́. Ní 2020 ìjọba Póláǹdì kéde pé àwọn máa fi í kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà. Èkejì ni That Dragon, Cancer (2016), tí ìdílé Green ní Amẹ́ríkà ṣe lórí ọmọ wọn tí àrùn jẹjẹrẹ pa. Ní yàrá ọsibítù kan, ọmọ ń sunkún, bàbá ń gbé e jó, ó ń fún un lómi, ó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀. Gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀ ò pa á lẹ́nu mọ́. Òbí tó ti ṣọ́ ọmọ ní ọsibítù mọ òru yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Àwa mẹ́ta là ń ṣe géèmù fóònù tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. A fẹ́ fi Agẹmọ, òrìṣà àwọn ará Ìjẹ̀bú, sí i. Àwọn kan ní ká fi í ṣe ọ̀tá tí wọn máa bá jà. Báwo la ṣe máa ṣe é tí a ò fi ní tàbùkù ilé, kí Play Store sì gbà á? – Àwọn ọ̀dọ́, Òdògbólú

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi í ṣe ọ̀tá. Bí ẹ bá ti fi ìbọn tàbí idà lé ẹni tó ń gbá a lọ́wọ́ tí ẹ sì kọ ọ́ sí Agẹmọ, kò sí àlàyé tí ẹ máa kọ sísàlẹ̀ tó máa tún un ṣe.

Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé bí Agẹmọ bá ń gba ojú ọ̀nà lọ sí Ìmọ̀sàn, àwọn obìnrin kì í rí i. Ibẹ̀ gan-an ni géèmù yín ti lè lágbára. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbá a jẹ́ ọmọbìnrin nínú ilé. Ìyá àgbà ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, iná lọ sílẹ̀, ìlù ń bọ̀ láti òkèèrè, ó dé iwájú ilé, ó kọjá. Ojú fóònù ṣókùnkùn ní gbogbo àkókò yẹn, etí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò ya nǹkan kan tí kò yẹ kí ẹ yà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gbá a ò ní gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá fi ihò sára fèrèsé, ẹ má fi máàkì tàbí ẹ̀bùn sídìí yíyọjú. Ohun tí géèmù bá ń sanwó fún ni èèyàn máa ń ṣe.

Kí ẹ tó ya àwòrán kankan, ẹ tọ àwọn àgbà lọ. Nínú àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, ìlú yín níbẹ̀ ni Tami tó jẹ́ olórí wọn wà. Ẹ mú ẹni tó mọ̀nà síwájú, kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: kí la lè yà, kí la lè dárúkọ, orin wo la lè lò. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ó kéré tán obìnrin méjì tó dàgbà lójú ọ̀nà Agẹmọ ní fóònù, kí wọ́n gbá a lójú yín. Ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Ibi tí wọ́n bá ti gbé fóònù sílẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìwé.

Ẹ fi ìlà méjì síwájú kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fún èèyàn ní bọ́tìnnì tí yóò fi fo ìran náà láìpàdánù.

Ní ti Play Store, inú Play Console, ojú òpó tí àwọn tó ń ṣe géèmù fi ń gbé e sí Play Store, ni ẹ ó ti rí App content, lẹ́yìn náà Content ratings. Ìbéèrè ni ẹ máa dáhùn, ọ̀fẹ́ ni: ìwà ipá wà ńbẹ̀? Ìbẹ̀rù? Èébú? Oògùn olóró? Tẹ́tẹ́? Ṣé àwọn tó ń gbá a lè bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ìdáhùn kan náà ni IARC, ètò àgbáyé tó ń fún géèmù orí ayélujára ní àmì ọjọ́ orí, máa sọ di àmì ESRB fún Amẹ́ríkà, di PEGI fún Yúróòpù. Àwọn ibi tí kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ a máa rí 3+, 7+, 12+, 16+ tàbí 18+. Ojú ẹsẹ̀ ló ń jáde. Ẹ má pa irọ́ níbẹ̀ kí nọ́ńbà lè kéré. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n lè yí i padà tàbí kí wọ́n yọ géèmù náà. Bí ẹ bá fi ohun tuntun kún un tó yí ìdáhùn padà, ẹ tún un dáhùn.

Bí àgbà bá ní kí ẹ yọ nǹkan kan, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó gbé e sókè. Àwòrán tí fóònù ẹgbẹ̀rún èèyàn ti gbà sílẹ̀, ẹ ò ní rí i gbà padà mọ́.